Ṣé wọ́n ti tìlẹ̀kùn mọ́ nọ́ọ̀sì tó fẹ́ lọ sókè òkun? Ohun tó yẹ kí ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó mọ̀

Láti oṣù keje ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń fò láti orí WhatsApp kan bọ́ sórí òmíràn: wọ́n ní Ìlú Ọba kò gba nọ́ọ̀sì láti Nàìjíríà mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ l'Àkúrẹ́, ó tẹ ìyá rẹ̀ láago l'Ọ́wọ̀. Ìyá tó ti ń dá àjọ nítorí ìrìnàjò yìí ò wá mọ̀ bóyá kí òun lọ gba owó òun lọ́wọ́ alájọ ni, àbí kí òun máa dá a lọ. Ẹlòmíràn tó ń kàwé ní UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà ní Laje Road nílùú Oǹdó, ní ìyẹn kọ́ ni wàhálà, pé Àbújá gan-an ni kò jẹ́ kí èèyàn lọ. Ẹnì kẹta ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, nítorí àbúrò òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà nọ́ọ̀sì.

Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń pè ní orúkọ kan ṣoṣo: ọ̀nà ẹni tó lọ ṣe iṣẹ́ care, ọ̀nà nọ́ọ̀sì tó ti ní láísẹ́ǹsì, àti ọ̀nà ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀. Òfin tó ti ọ̀kan kò ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wọn kò jọra.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lóṣù keje ọdún 2025?

Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, ìjọba Ìlú Ọba fòpin sí bí àwọn agbanisíṣẹ́ ibẹ̀ ṣe ń gba òṣìṣẹ́ care láti ilẹ̀ òkèèrè. Iṣẹ́ care ni iṣẹ́ ẹni tó ń wẹ̀ fún arúgbó, tó ń bọ́ ọ, tó ń bá a pààrọ̀ aṣọ, yálà nílé ìtọ́jú àgbàlagbà tàbí nínú ilé arúgbó fúnra rẹ̀. Kò gba láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì. Oṣù kejì ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà sílẹ̀ fún àwọn tó wà lókèèrè, gbogbo wa la sì mọ bí èrò ṣe wọ́ lọ. Tíṣà lọ, òṣìṣẹ́ báńkì lọ, nọ́ọ̀sì pàápàá bá wọn lọ, nítorí pé ọ̀nà yẹn kò béèrè ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní ẹni tó bá gba ọ̀nà náà kò gbọdọ̀ mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di 2025, wọ́n tì í pa.

Nọ́ọ̀sì kò sí nínú ohun tí wọ́n tì. Òfin tuntun náà ní kí iṣẹ́ tí wọ́n máa torí rẹ̀ fún èèyàn ní físà jẹ́ iṣẹ́ tó tó ìpele oyè yunifásítì, wọ́n sì ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí ìpele yẹn.

Kí ló wá fa ìdàrúdàpọ̀? Àṣà èdè wa wà níbẹ̀. Nílé wa níhìn-ín, ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun tó sì di abẹ́rẹ́ mú, nọ́ọ̀sì ni. Ọmọbìnrin tó kọ́ iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà ní kílíníìkì àdáni ní Ọ̀dà Road, nọ́ọ̀sì là ń pè é. Ẹni tó lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, nọ́ọ̀sì náà ni. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti ti ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, etí wa gbọ́ nọ́ọ̀sì.

Àmọ́ ìyẹn ò sọ pé nǹkan rí bíi ti tẹ́lẹ̀ fún nọ́ọ̀sì gidi. NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, ròyìn pé iye àwọn tó ti òkèèrè wọlé láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 fi bí ìlàjì dín sí ti irú àkókò kan náà lọ́dún 2024. Ètò tí NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ibẹ̀, gbé jáde lọ́dún 2023 ti sọ ọ́ ṣáájú pé wọ́n fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ń gbà láti òkèèrè wálẹ̀ láti nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, kó tó di ọdún 2037. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí; èrò tí wọ́n fẹ́ kó gba ibẹ̀ wọlé ló dín kù.

Kí ló dé tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ní Àbújá ló di àwọn lọ́wọ́?

Ohun tí wọ́n ń pè ní verification ni. Kò sí àjọ nọ́ọ̀sì kankan lókè òkun tó máa gba sátífíkéètì lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí wọ́n sì gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ̀wé sí àjọ tó fún un ní láísẹ́ǹsì nílé, ìyẹn NMCN tó ń bójú tó nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, tí àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn kàn ń pè ní Council. Council ló máa dáhùn pé òótọ́ ni, ọmọ wa ni, orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, kò sì ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Ìdáhùn yẹn kì í gba ọwọ́ nọ́ọ̀sì kọjá. Bí kò bá tíì dé, ohun gbogbo dúró, kódà kí èèyàn ti yege ìdánwò márùn-ún.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2024, Council gbé ìlànà tuntun jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ní yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún náà. Ẹni tó bá fẹ́ verification gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì máa kà á láti ọjọ́ tó gba láísẹ́ǹsì tí kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀, kì í ṣe láti ọjọ́ tó jáde nílé ẹ̀kọ́. Láísẹ́ǹsì náà gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku oṣù mẹ́fà kó tó kú. Council á fúnra rẹ̀ béèrè ìwé ìwà rere lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó lọ gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kó retí pé yóò gbà tó oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ tó wà ní UNIMED ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún márùn-ún fún oyè nọ́ọ̀sì. Ọdún kan fún ìkọ́ṣẹ́ lẹ́yìn oyè. Ọdún kan fún NYSC. Bí ó bá wá jẹ́ pé àtìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka ọdún méjì, kó tó wá fi oṣù mẹ́fà kún un, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọgbà Laje Road. Ibi tó ti dun àwọn ọ̀dọ́ nìyẹn. Ìlànà yìí náà sì máa ń yí padà. Ojúlé Council lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló yẹ kí èèyàn ti kà á lọ́jọ́ tó bá fẹ́ béèrè, kì í ṣe lórí ohun tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá.

Kí ni Council sọ, kí sì ni àwọn nọ́ọ̀sì fèsì?

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ìwé náà jáde, àwọn nọ́ọ̀sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Council l'Ábùújá àti l'Ékòó, wọ́n gbé páálí dání. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣòro láti lóye. Abala 41 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ láti jáde kúrò nílẹ̀ yìí. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ dá àwọn dúró, kó fi owó oṣù dá àwọn dúró, kì í ṣe ìwé. Wọ́n tún bi Council pé: bí ọ̀gá ilé ìwòsàn kan bá mọ̀ pé òun ò ní rí ẹni rọ́pò nọ́ọ̀sì òun, ṣé ó máa yá a lára láti kọ̀wé pé ìwà rẹ̀ dára kó máa lọ?

Council ní tirẹ̀ sọ pé kò sí ẹni tí òun dè mọ́lẹ̀. Akọ̀wé àgbà wọn nígbà náà sọ fún àwọn oníròyìn pé ó lé ní 42,000 nọ́ọ̀sì tó ti kúrò nílẹ̀ yìí láàárín ọdún mẹ́ta, àti pé ó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ìrírí díẹ̀ lọ́wọ́ kó tó lọ dá dúró níwájú aláìsàn nílẹ̀ àjèjì. (Bó bá jẹ́ iye àwọn tó béèrè verification ni wọ́n kà, kí ẹni tó ń ka iye yẹn rántí pé nọ́ọ̀sì tó béèrè lónìí lè má tíì kúrò nílé rẹ̀ ní Ìjàpọ̀, l'Àkúrẹ́, lọ́dún tó ń bọ̀.)

Kì í ṣe Council nìkan ni irú èrò yìí wá sí lọ́kàn. Lóṣù kẹrin ọdún 2023, àbádòfin kan tí Ganiyu Johnson láti Èkó gbé lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin kọjá ìwé kíkà kejì; ó ní kí dókítà ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún nílé kí wọ́n tó fún un ní láísẹ́ǹsì kíkún. Ọdún mẹ́rin péré ṣáájú ìyẹn, mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà náà, Chris Ngige, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé dókítà pọ̀ nílẹ̀ yìí ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ máa lọ. Èyí tó ń darí èrò ìjọba lónìí ni ìlànà lórí ìrìnàjò àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù kẹjọ ọdún 2024. Ìyẹn kò sọ pé kí wọ́n ti ẹnikẹ́ni mọ́lé; àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ tó ń gbà wọ́n ló ń wá, àti bí àwọn tó ti lọ ṣe lè padà wálé wá ṣiṣẹ́.

Mo ti di nọ́ọ̀sì. Kí ló wà láàárín èmi àti iṣẹ́ náà?

Fún Ìlú Ọba, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ wà ńbẹ̀. IELTS ni ọ̀pọ̀ ń ṣe: máàkì 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 6.5 nínú kíkọ. Àwọn mìíràn ń ṣe OET, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ṣe gbogbo ìbéèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni CBT, ìdánwò iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè 15 lórí ìṣirò oògùn, 100 lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. £83 ni. NMC á gba £140 láti yẹ ìwé èèyàn wò. Ibẹ̀ ni verification Council ti máa ń wọlé.

Ìdánwò tó gbẹ̀yìn, OSCE, kò ṣeé ṣe nílé. Inú Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń ṣe é, tábìlì mẹ́wàá ló sì ní: èèyàn á yẹ aláìsàn wò, á gún abẹ́rẹ́, á kọ àkọsílẹ̀, wọ́n á sì máa wò ó bó ṣe ń ṣe é. £794 ni, £153 sì tún wà fún ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ló máa ń san owó OSCE fún ẹni tí wọ́n bá gbà, àmọ́ ẹ ka àdéhùn ibẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn kan máa ń gba owó náà padà bí èèyàn bá tètè fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ CBT ní ìtàn kan tí ará ilẹ̀ Yorùbá kò lè fojú fò. Lọ́dún 2023, NMC kéde pé èsì tó ń jáde láti ibùdó ìdánwò kan n'Íbàdàn kò rí bó ṣe yẹ. Àwọn kan parí ìbéèrè kíákíá ju bí èèyàn ṣe lè ṣe é lọ, wọ́n sì fura pé ẹlòmíràn ló bá wọn jókòó. Ó kan àwọn tó súnmọ́ 2,000, títí kan àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe. Ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ yege níbẹ̀ bá ẹni tó sanwó fún arọ́pò jìyà pọ̀.

Nílé, ẹ má gbàgbé pásípọ́ọ̀tù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ₦100,000 ni ti ọdún márùn-ún, ₦200,000 sì ni ti ọdún mẹ́wàá. Ìlọ́po méjì ohun tó jẹ́ lọ́dún kan ṣáájú ni.

Ẹni tó bá dé ibẹ̀ tó sì forúkọ sílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele tí wọ́n ń pè ní Band 5. Lọ́dún 2025 sí 2026, £31,049 ni owó ọdún kan níbẹ̀ ní England, kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, kí onílé tó gba tirẹ̀. Ẹni tó bá yára fi náírà ṣí i nìkan ló máa rò pé owó ńlá ni.

Ọmọ mi fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe. Ibi tí àṣìṣe olówó iyebíye sì pọ̀ sí jù lọ nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Oyè nọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́ta wà níbẹ̀ tí NMC fọwọ́ sí. Ẹni tó bá parí rẹ̀ kò ní ṣe CBT tàbí OSCE, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé NMC tààrà. Nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi wákàtí 2,300 ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn, lóru pẹ̀lú, láìgba owó oṣù. Másítà ọlọ́dún méjì kan tún wà fún ẹni tó ti ní oyè mìíràn, tó ń sọ èèyàn di nọ́ọ̀sì bákan náà.

Àmọ́ másítà ọlọ́dún kan wà tí orúkọ nọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ejẹ́ǹtì ń tà nítorí pé ó yá, tí ilé ẹ̀kọ́ sì ń gba èèyàn sí láìjanpata. Irú èyí wà fún ẹni tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ tó fẹ́ fi ìmọ̀ kún ìmọ̀. Kì í sọ ẹnikẹ́ni di nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba. Ẹni tó ṣe é tán ṣì máa padà wá jókòó ti CBT, kó sì tún kọ̀wé sí Council l'Ábùújá bí gbogbo àwọn tó wà nílé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń já irọ́ ọ̀rọ̀ yìí: ṣé ètò ẹ̀kọ́ yìí máa mú orúkọ mi wọ ìwé NMC? Àkójọ àwọn ètò tí NMC fọwọ́ sí wà lórí ojúlé wọn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba ju £15,000 lọ lọ́dún lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní owó ìjẹun oṣù mẹ́sàn-án ní báńkì, ó lé ní £1,100 lóṣù kan bí kò bá ní gbé London. Owó náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 láìdínkù. Ẹni tó yá owó wá kó síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú ń tan ara rẹ̀ ni. Iṣẹ́ tó lè ṣe kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ kan nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni wákàtí 2,300 yẹn ń dúró dè é. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tí kò bá lọ ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ bíi ti PhD kò lè mú ìdílé rẹ̀ tẹ̀ lé ara mọ́. Ìgbà tí wọ́n fi ń jẹ́ kó dúró wáṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà ń kúrú: oṣù 18 ni yóò jẹ́ dípò ọdún méjì fún ẹni tó bá béèrè láti oṣù kìíní ọdún 2027.

Iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kò sì dájú bí a ṣe rò ó. Lọ́dún 2025, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì ń pariwo pé àwọn ò ríṣẹ́, débi pé lóṣù kẹjọ ìjọba wọn kéde ètò àkànṣe láti wá àyè fún wọn.

Ṣé Ìlú Ọba nìkan ló wà ni?

Rárá o. Amẹ́ríkà ń béèrè NCLEX, ìdánwò láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì, àti ìwé VisaScreen tó ń fi hàn pé wọ́n ti yẹ ìwé ẹ̀rí èèyàn wò, ìwé ìgbélùú ibẹ̀ sì lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kánádà náà ń lo NCLEX. Jámánì ń fẹ́ èdè Jámánì tó jinlẹ̀, ìpele tí wọ́n ń pè ní B2 ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ń béèrè, àmọ́ ó ní ètò ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Saudi Arabia kì í le koko tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ èdè. Èyí tó bá jẹ́ nínú wọn, nọ́ọ̀sì tó gba ìwé rẹ̀ nílé ṣì máa gba ojú Council kọjá.

Ejẹ́ǹtì ní kí n san mílíọ̀nù mélòó kan fún CoS. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?

CoS ni nọ́ńbà tí agbanisíṣẹ́ Ìlú Ọba ń fún ẹni tó bá gbà síṣẹ́, òun ló sì ń sanwó rẹ̀ fún ìjọba ibẹ̀. Kì í ṣe ọjà. Ìlànà tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀ kò gbà kí ilé iṣẹ́ agbani-síṣẹ́ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ kó lè ríṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ejẹ́ǹtì. Lóṣù kẹta ọdún 2023, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé orúkọ orílẹ̀-èdè 55 jáde tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ìlànà Ìlú Ọba kò gbà kí agbanisíṣẹ́ wọn wá dẹ nọ́ọ̀sì ní irú àwọn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá dá kọ̀wé fúnra rẹ̀ sí iṣẹ́ tí wọ́n kéde kò ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Alágbàká, tó ní ilé ìwòsàn Ìlú Ọba ló rán òun wá kó nọ́ọ̀sì l'Àkúrẹ́, yálà ó ń rú ìlànà ilẹ̀ àwọn tó rán an tàbí ẹnikẹ́ni ò rán an.

Kí ló kan àwa tí a ò lọ ibì kankan?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì: ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wà l'Àkúrẹ́, UNIMED wà nílùú Oǹdó, ti Federal Medical Centre wà l'Ọ́wọ̀. Ìpínlẹ̀ yìí kan náà ló fi ètò Abíyè àti ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tí wọ́n ṣí l'Àkúrẹ́ lọ́dún 2010 gba orúkọ lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ agbẹ̀bí ló ti ń jáde. Ẹni tó sábà máa ń rìn kọ́kọ́ sì ni èyí tó ti mọṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, tó yẹ kó máa fi ọmọ tuntun mọ̀nà ní wọ́ọ̀dù.

Ìjọba àpapọ̀ ní kíkọ́ ènìyàn púpọ̀ sí i lòun máa fi dí àlàfo náà: wọ́n ní àyè fún akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìlera lọ́dún á kúrò ní 28,000, á di 64,000. Ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, NANNM, ní kíkọ́ni kọ́ ni ìṣòro. Ọ̀pọ̀ tó ti kẹ́kọ̀ọ́ tán kò rí ẹni gbà wọ́n síṣẹ́, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì ń ṣe ti èèyàn mẹ́ta. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2025 nìyẹn, oṣù kan náà tí ìròyìn Ìlú Ọba gba ìgboro. Wọ́n béèrè owó iṣẹ́ òru tó bójú mu, owó aṣọ iṣẹ́, ìgbanisíṣẹ́, àti ẹ̀ka tiwọn ní ilé iṣẹ́ ìlera àpapọ̀. Wọ́n dá a dúró lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba.

Àwọn tó ti wà ní Ìlú Ọba náà ń wo ibòmíràn. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni ìjọba ibẹ̀ ti sọ pé òun fẹ́ kí ọdún tí èèyàn máa lò kó tó lè béèrè ìwé ìgbélùú kúrò ní márùn-ún, kó di mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì tó lọ lọ́dún 2022, tó ti ń ka ọjọ́ sí 2027, wà lára àwọn tó ń dúró kí wọ́n mọ̀ bóyá òfin náà máa kan àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.